Àwòrán Tí Mo Yọ Nínú Flọ́pì Bíìgì Mọ́mì

Mi ò mọ̀ pé àwòrán aláwọ̀ lásán lè tú àṣírí, àfi lónìí.

Bíìgì Mọ́mì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Íjẹ̀bú-Òde nígbà kan, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà bá àwọn èèyàn tẹ lẹ́tà. Àwọn flọ́pì tí wọ́n ń tọ́jú lẹ́tà náà sí ṣì wà nílé wọn.

Mo tọrọ ọ̀kan. Mo kọ kóòdù kọ̀ǹpútà tó ń sọ lẹ́tà a-b-d kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di àwọ̀ kan. Ó di àwòrán ńlá, ó rẹwà gan-an. Mo gbé e sórí ìkànnì yìí láàárọ̀, ẹ̀yin náà rí i, ẹ sì yìn mí.

Mo gbé fóònù fún Bíìgì Mọ́mì kí wọ́n wò ó. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, ṣé ó lè yí àwọ̀ yìí padà sí ọ̀rọ̀?"

"Ó lè ṣe é, mà. Ṣùgbọ́n ta ló máa ráyè ìyẹn?"

"Ṣebí ìwọ ráyè."

Mo ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́.

Wọ́n ní, "Obìnrin kan ń sunkún bó ṣe ń sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà rẹ̀, tí mò ń tẹ̀ ẹ́. Èmi ló sọ ọ́ fún. Kò sọ ọ́ fún ẹ."

Inú bí mi, torí odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ náà. Mo ṣáà pa á rẹ́.

Ṣé wọ́n jàre, àbí wọ́n ti le jù? Ẹ dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbà á sórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pa tiyín rẹ́ ná.