Ìbéèrè Tí Ìgbìmọ̀ Kò Bi Ìyá Àgbà

Òórùn bébà gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ, òun gan-an ni òórùn ìgbéraga mi nígbà náà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Odò-Orí, ní Ìwó, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé fún àwọn ènìyàn, tí mo sì ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ẹni tí onílé lé jáde, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń fojú rẹ̀ gbolẹ̀, ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ jẹ nínú ilẹ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń bọ̀. Mi ò ní gbọ́ ẹjọ́ wọn ju ìdajì lọ tí màá fi sọ pé, "Ó tó, mo ti mọ ohun tí a máa kọ." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé gíga ni, ẹ má bínú. Mo rò pé ìwé tí a bá ti fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ rẹ̀ kò lè kùnà láéláé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní ìyá àgbà, ní oko kan lọ́nà Kuta. Ibẹ̀ la sin ọkọ wọn sí, nítorí bàbá ti sọ ọ́ kí ọlọ́jọ́ tó dé pé abẹ́ igi obì tí àwọn fọwọ́ ara àwọn gbìn ni kí a tẹ́ àwọn sí. Lọ́dún kan, ìyá àgbà lọ bá ọmọbìnrin wọn wẹ ọmọ tuntun ní Ìbàdàn. Kí wọ́n tó dé, agbaṣẹ́ṣe tó ń ṣe ọ̀nà ti kó katapílà wọ oko náà, ó ti ń gbẹ́ yangí ibẹ̀ kó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gbẹ́ ẹ títí ilẹ̀ fi di kòtò tí ilé odidi kan lè wọ̀. Nígbà tí yangí tó o, ó kó katapílà rẹ̀ lọ, ó fi kòtò sílẹ̀ fún opó. Ọ̀nà náà dára o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Òjò ló wá fi hàn wá pé kòtò náà kò tíì jẹun yó. Etí rẹ̀ ń ya lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìhà ibi tí igi obì wà ló sì ń ya sí. Ìyá àgbà fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, wọ́n ní ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínlógún ló wà láàárín etí kòtò àti sàréè. Nígbà tó di ọdún kejì, ó ku mọ́kànlá. Àwọn ọmọ wọn ní kí a hú bàbá, kí a gbé wọn lọ sí ìtẹ́ òkú àwọn mùsùlùmí nínú ìlú. Ìyá àgbà ní, "Ẹni tí a ti tẹ́ sùn, ta ló ń jí i pé kó wá pààrọ̀ ibùsùn?" Wọn ò béèrè owó gbà-máà-bínú. Wọ́n ní kí agbaṣẹ́ṣe wá dí kòtò rẹ̀ kí òjò tó dé ọ̀dọ̀ bàbá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni mo ní kí a gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin. Mo ṣàlàyé fún ìyá àgbà pé wọ́n ní ìgbìmọ̀ kan tó jẹ́ pé ìwé ẹ̀sùn ará ìlú nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, pé ó lè ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni, kó mú un búra, kó sì bi í léèrè lójú gbogbo ayé. Mo kọ ìwé náà, ó gba ojú ewé mẹ́fà, ìyá àgbà tẹ ìka sí i. A gbé e fún ọnárébù àdúgbò wa, òun ló kà á sétí ilé aṣòfin, ilé sì gbé e fún ìgbìmọ̀. Ìwé náà sùn síbẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n fi máa pè wá, ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́fà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹnu ìyá àgbà. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n jí ire, láti orí baba ńlá wọn ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti wo irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, mo ti rí bí àwọn aṣòfin ṣe ń já lu ẹlẹ́rìí tó bá ń rojọ́ gígùn. Ni mo bá jókòó ti ìyá àgbà fún ọjọ́ mẹ́rin, mò ń kọ́ wọn bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi, pé "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni kí wọ́n máa sọ, ó parí. Bí wọ́n bá fẹ́ fi nǹkan kan kún un, màá gbá tábìlì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ọmọ yìí fẹ́ fi ìjánu sí mi lẹ́nu." Àwọn àgbà ní ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Ọ̀yà yẹn tilẹ̀ sàn jù mí lọ, ara rẹ̀ nìkan ló pa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìjókòó náà, agbaṣẹ́ṣe kó àgbà mẹ́rin wá bẹ ìyá àgbà nílé. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, baálé agboolé wa wà nínú wọn, bàbá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó fi àyà lélẹ̀, ó ní nítorí Ọlọ́run àti nítorí Ànábì. Obìnrin wo ló máa wo baálé nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí kò ní ní kó dìde? Ìyá àgbà ní, "Ẹ dìde, mo ti gbà. Ọlọ́run á forí ji gbogbo wa." Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi ìyá àgbà pé kí ni wọ́n gbà. Wọ́n ní, "Ẹ̀bẹ̀ ni mo gbà. Mi ò ní ṣẹ́ èpè fún un mọ́. Kòtò ṣì ń bẹ níbẹ̀, dandan ni kó dí i." Ọ̀rọ̀ náà yé mi, ó yé baálé, ó yé agbaṣẹ́ṣe pẹ̀lú, nítorí ọmọ Yorùbá ni. Inú mi tilẹ̀ ń dùn, mo ní ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé kankan.

Òtútù ẹ̀rọ amúlétutù pọ̀ nínú yàrá ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà fi ìborùn wé apá. Wọ́n fi Kùránì búra. Alága jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ ẹ̀kọ́ ilé, ó dìde kí ìyá àgbà kó tó jókòó, ìyẹn ló sì tàn mí jẹ. Agbaṣẹ́ṣe ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò jiyàn pé òun gbẹ́ yangí. Ó ní àṣìṣe ni, pé òun ti kó àgbà lọ bá màmá, màmá sì ti dárí ji òun. Alága yíjú sí ìyá àgbà.

"Màmá, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n wá bẹ̀ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì gbà fún wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹnu ìyá àgbà ṣì wà ní ṣíṣí. Wọ́n wo ojú mi lẹ́yìn níbi tí mo jókòó sí, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kòtò ló kù lẹ́nu wọn. Mo mi orí fún wọn pé rárá, ó tó bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ìbéèrè kẹta ń bọ̀. Ìyá àgbà pa ẹnu dé.

Kò sí ìbéèrè kẹta. Alága ní irú ìyá báyìí ló yẹ kí ìlú máa ní, àwọn aṣòfin yòókù pàtẹ́wọ́, akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn méjèèjì ti parí ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, alága sì fi òòlù kan tábìlì. Mo dìde, mo ní kòtò ńkọ́. Alága bi akọ̀wé bóyá orúkọ mi wà lára àwọn ẹlẹ́rìí. Kò sí níbẹ̀. Mo ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó ń kọ ìwé kì í jẹ́rìí, ẹ̀yìn ló ń dúró sí. Alága ní, "Àǹtí, màmá ti fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ lórí ìbúra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pe ẹjọ́ tó kàn." Baálé, tí agbaṣẹ́ṣe gbé wá láti jẹ́rìí sí ẹ̀bẹ̀ náà, jókòó síbẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n, kò sọ ọ́.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Ìwó, ìyá àgbà fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ọmọ mi, ìgbà wo ni wọ́n wá máa bi mí nípa kòtò?" Mo ní wọ́n á tún pè wá. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Mo kọ ìwé mẹ́ta sí i lẹ́yìn náà, èsì kan péré ló sì wá, pé ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ni í bá ti parí, ìgbìmọ̀ kì í tú u.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, àgbẹ̀ kan láti Kuta wá sọ fún wa pé igi obì ti ṣubú sínú kòtò. A mọ̀ kó tó sọ tán pé igi nìkan kọ́. Àwọn ọkùnrin ilé wọnú omi pupa náà títí di ìrọ̀lẹ́, wọn ò rí nǹkan kan gbé jáde.

Mo ti ta ẹ̀rọ náà, aṣọ ni mò ń tà báyìí. Àwọn ènìyàn ní kí n má dá ara mi lẹ́bi, mo sì gbìyànjú rẹ̀ dáadáa, torí àwọn tí mo lè bínú sí pọ̀. Mò ń bínú sí agbaṣẹ́ṣe. Mò ń bínú sí baálé, ó ti kú, kí Ọlọ́run forí jì í, èmi ò tíì forí jì í. Mò ń bínú sí alága tó mọ ìkíni tí kò mọ ìbéèrè. Bí mo bá bínú sí gbogbo wọn tán, orí tèmi tó mì lọ́jọ́ yẹn ṣì ń bẹ lọ́rùn mi. Bí mo bá wọ ọ̀kadà lọ sí Kuta, ọlọ́kadà á máa yin ọ̀nà náà pé ó dán, pé ẹni tó ṣe é ṣe iṣẹ́.

Ìyá àgbà ò bá mi jà rí. Gbogbo Jímọ̀ ni wọ́n máa ń lọ kí bàbá lóko, kí wọ́n ṣe àdúà, kí wọ́n sì ròyìn ilé fún wọn. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn òjò náà, wọ́n wẹ̀, wọ́n múra, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Ìwọ tó kàwé, níbo ni mo ti máa kí bàbá yín báyìí?" Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn, wọ́n fẹ́ mọ̀ ni. Wọ́n padà wọlé, wọ́n bọ́ ìborùn, wọ́n sì jókòó. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin báyìí tí àwọn náà ti kú, inú ìlú la sin wọ́n sí, àwọn nìkan.