Ẹyinjú Tíṣà

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù Etí Síta lónìí láti ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, kò ní kọ́kọ́ ní kí ẹ jókòó. Yóò mú yín jáde síta, yóò ní kí ẹ kọjú sí oòrùn, yóò sì fi ìka fa awọ abẹ́ ojú yín wálẹ̀, yóò máa yọjú wò ó bí ẹni tó ń wá owó ẹyọ tó bọ́ sínú kànga. Àwọn kan máa ń bínú. Wọ́n á ní fọ́tò làwọn wá yà, àwọn ò wá sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn mìíràn ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ pátápátá, wọ́n ti lọ sí ìsọ̀ kejì. Kò dùn ún. Èmi tí mo pààlà pẹ̀lú rẹ̀ ni mo mọ ibi tí àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ tèmi náà ò mọ́ níbẹ̀.

Etí Síta kọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ohun tó máa ń wí fún gbogbo oníbàárà ló di orúkọ mọ́ ọn lára: "Ẹ wo iwájú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Etí síta." Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó là wá láàárín. Fọ́ọ̀mù fíísà ni èmi ń bá àwọn èèyàn tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Fọ́ọ̀mù. Bí ó bá sín lọ́hùn-ún, èmi ni mo máa ń kí i pẹ̀lẹ́ níhìn-ín. A ti jà tó iye ìgbà tí a ti bára wa ṣeré. Alágídí ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ débi tí kò fi gbọ́ ti ẹnikẹ́ni.

Láyé ìgbà náà, kò sí fọ́tò tó máa kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní "fọ̀". Ohun tó ń pè ní fífọ̀ ni pé, tó bá ya èèyàn tán, yóò gbé e sórí kọ̀ǹpútà, yóò nu òógùn iwájú orí kúrò, yóò pa irorẹ́ rẹ́, yóò sì sọ ẹyinjú di funfun gbòò. Gílóòbù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti gbó, gbogbo ohun tó bá tàn sí ló ń pọ́n díẹ̀ bí ọsàn, nítorí náà fífọ ẹyinjú ti di bárakú fún un. Mo máa ń pè é ní alágbàfọ̀ ojú. Ẹ̀rín ló máa ń fi rín.

Ìgbà yẹn ni ìdílé Tíṣà dé sí ìlú wa. Olú-ìlú ni, èèyàn ò sì yéé dé síbẹ̀, àmọ́ àwọn wọ̀nyí yàtọ̀. Bàbá, ìyá, ọmọbìnrin méjì, ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, àbúrò jẹ́ méje. Bàbá náà ti fi ọdún méjìlélógún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní jọ́gíráfì, kò sì tíì ré kọjá ẹnubodè ìlú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ta mọ́tò, ó kó ìyàwó àtọmọ wọ bọ́ọ̀sì, ó ní ọdún kan gbáko làwọn máa fi rìn láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Tiwa ni ìkarùn-ún. Nígbà tí mo gbọ́, mo sọ fún Etí Síta pé ẹni tó bá yọ ọmọ nílé ìwé nítorí kó lè wo ojú títì, ó yẹ kí wọ́n bá a wo orí ara rẹ̀ náà. Ó ní kí n gbẹ́nu dákẹ́, pé oníbàárà ni wọ́n.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fẹ́ lò. Ṣùgbọ́n ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń lọ ní kí wọ́n dúró, ìdúró ọjọ́ mẹ́ta sì di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù. Wọ́n gba yàrá kan lókè ilé tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀dì méjì, fèrèsé kan tó kọjú sí táǹkì omi, báàgì mẹ́rin tí wọn ò tú lẹ́bàá ògiri, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rò pé ọ̀la làwọn ń lọ. Láàárọ̀, Tíṣà á kó àwọn ọmọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, á máa kọ́ wọn níwèé. Ohùn rẹ̀ tutù. Kò pẹ́ tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fọ́ọ̀mù jẹ́jẹ́ kí n lè máa gbọ́ ibi tí odò kan ti ṣẹ̀ àti ibi tó ń ṣàn lọ. Bí mo ṣe di ọmọ ilé ìwé Tíṣà nìyẹn, lẹ́yìn gbogbo ẹnu tí mo ti là.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé ni wọ́n ya fọ́tò àkọ́kọ́. Mo rántí pé Etí Síta kùn láti ẹ̀yìn pákó pé gílóòbù òun ti ń kú lọ, pé ẹyinjú bàbá yìí pọ́n jù. Ó fọ̀ ọ́. Èmi náà tẹ fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: ǹjẹ́ àìsàn kankan ń ṣe ẹ́? Tíṣà ti dáhùn pé rárá kí n tó kà á tán. Mo tẹ rárá fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ́ḿbásì dá fọ́tò Tíṣà padà. Wọ́n ní ẹ̀wù rẹ̀ funfun, ẹ̀yìn fọ́tò náà funfun, àwọn ò mọ ibi tí ọrùn parí sí. Ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù wá, ẹ̀wù náà sì fẹ̀ jù ú lọ. Etí Síta tún bú gílóòbù, ó tún fọ̀ ọ́, ó sì ra gílóòbù tuntun kó tó lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tún kọjá. Wọ́n ní fọ́tò tó bá ti lé ní oṣù kan ò wúlò mọ́, kí gbogbo wọn lọ yà tuntun. Wọ́n yà á tán, wọ́n padà sókè. Kò pẹ́ tí Etí Síta gbá pákó lẹ́ẹ̀mẹta. Àmì wa nìyẹn pé kí ẹnì kejì wá kíá.

Ó ti to àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú kọ̀ǹpútà. Gílóòbù tuntun ló tàn sí gbogbo wọn. Ẹyinjú ìyàwó funfun, tàwọn ọmọ funfun bíi wàrà. Ti Tíṣà nìkan ló pọ́n bí ìyeyè. Etí Síta kì í pa fọ́tò rẹ́, ó sì ṣí méjì àtijọ́ tí kò tíì fọ̀ sílẹ̀, ó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí àkọ́kọ́ pọ́n díẹ̀, èkejì pọ́n jù ú lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ti ń wọlé.

"Iná kọ́," ó ní. "Ìyá Fọ́ọ̀mù, iná kọ́ o."

Ó ránṣẹ́ pe Tíṣà nìkan. Wọ́n ní bí ojú bá ń ṣepin, ojú là á fi hàn. Ó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn án. Mo rò pé yóò ta gìrì, kò ta. Ó jókòó sórí àpótí bíi pé fọ́tò ló tún fẹ́ yà, ó sì jẹ́wọ́ fún wa. Ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti kúrò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, dókítà kan ti sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò dáa, kó máa lọ sílé lọ tọ́jú ara. Kò sọ fún ìyàwó. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín lórí àtẹ̀gùn láràárọ̀ nìyí.

"Adágún odò ńlá kan wà ní orílẹ̀-èdè tí à ń lọ yìí," ó ní. "Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣọ́ọ̀kì yà á sójú pátákó, tí mo sì ń nù ún. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ kan omi rẹ̀, kí àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń fọ̀ ọ́. Wọ́n ní fíísà á jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Tó bá ti jáde, màá sọ fún ìyàwó mi fúnra mi."

Etí Síta wò mí. Mo wolẹ̀. Ó fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo dé ìdí ìbéèrè àìsàn, mo tún tẹ rárá, lọ́tẹ̀ yìí ìka mi mọ ohun tó ń tẹ̀. Nígbà tí Tíṣà lọ tán, mo bínú sí Etí Síta, mo ní kí ló dé tó fi gbà. Ó ní kí ló dé tí èmi náà fi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ di iṣu-ata-yán-an-yàn-an láàárín wa, a ò kí ara wa fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ọjọ́ Ẹtì dé, fíísà ò jáde. Ọjọ́ Ẹtì mìíràn ń bọ̀. Láàárín méjèèjì, a gbẹ́nu dákẹ́. Tí mo bá rí ìyàwó Tíṣà tó ń sá aṣọ sí ojú fèrèsé, mo máa ń ṣe bí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì mí, mi ò ní purọ́.

Ọjọ́rú kan ni obìnrin náà wá jókòó sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá nọ́ńbà wọn ti jáde. Kò jáde. Kò sì dìde. Ó ní ọkọ òun ò jẹun mọ́, ó ń họ ara, ó ní ooru ni. Ó wá fa fọ́tò kan yọ láti inú àpò rẹ̀, ọ̀kan nínú èyí tó ṣẹ́ kù, ó sì gbé e sórí tábìlì mi.

"Ẹ ò rí i," ó ní. "Tí mo bá wo ojú rẹ̀ nínú yàrá, ẹ̀rù máa ń bà mí. Mo máa ń yọ fọ́tò yìí wò. Tí mo bá ti rí i, ọkàn mi á balẹ̀, mo máa ń sọ fún ara mi pé yàrá yẹn ló ṣókùnkùn, ojú mi ló ń tàn mí."

Ní ẹ̀yìn pákó, Etí Síta ń fi sísọ́ọ̀sì gé fọ́tò. Mo gbọ́ nígbà tí sísọ́ọ̀sì dúró. Mo gbọ́ dúrọ́ọ̀ tó ṣí. Ó yí wá sọ́dọ̀ wa, fọ́tò mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò fọ ọ̀kan kan nínú wọn. Ó ti tẹ̀ wọ́n jáde láti ọjọ́ yẹn, kò kàn ní ìgboyà.

"Ìyàwó Tíṣà, ẹ dákun," ó ní. "Èyí tó wà níwájú yín yẹn, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é. Ọkọ yín nìyí."

Obìnrin náà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti àkọ́kọ́ dé ìkẹta. Kò sunkún. Ó bi Etí Síta pé láti ìgbà wo ló ti mọ̀. Etí Síta ní ó di ọjọ́ kẹtàlá lónìí. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kó fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gun àtẹ̀gùn lọ, a sì gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé.

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé Tíṣà lọ sí ọsibítù. Dókítà sọ fún ìyàwó pé ká ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé sí ìlú ni wọ́n gbé e wá, ohun tí àwọn lè ṣe ì bá wà. Ní báyìí, kí ara kàn tù ú ló kù, kí wọ́n sì tètè gbé e lọ sílé. Mo sọ ọ́ fún Etí Síta. Ó gbójú sókè, ó ń wo gílóòbù.

Fíísà jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Èmi ni mo lọ gba pásípọ́ọ̀tù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo kó wọn dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ọsibítù. Tíṣà ṣí tirẹ̀, ó fi ìka tọ fíísà náà yí ká, bí ẹni tó ń tọ etí odò lórí máàpù, ó sì gbé e fún ọmọ rẹ̀ àgbà pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀.

Títí di ìgbà yẹn, Tíṣà kò fẹ́ fojú kan Etí Síta. Ó ní òun bẹ̀ ẹ́, ó sì tú òun fó. Àmọ́ nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé, ó ránṣẹ́ pè é, ó ní kó gbé kámẹ́rà dání. Èmi náà bá a lọ. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń rìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yà wọ́n, bí ẹlẹ́wọ̀n. Ó fẹ́ kí wọ́n ya àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀.

Wọ́n há ara wọn mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì náà. Etí Síta gbé kámẹ́rà sójú. Ẹnu rẹ̀ kò mọ ohun mìíràn. "Ẹ wo iwájú," ó ní. "Ẹ má rẹ́rìn-ín."

"Etí síta!" ni ọmọ kékeré bá a parí ẹ̀.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ìyàwó náà rín, Tíṣà rín títí ikọ́ fi dé. Ìgbà yẹn ló tẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe fẹ́ máa lọ, Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ má fọ̀ ọ́."

Ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni ọ̀rọ̀ wọlé sórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Mo lọ kà á sí Etí Síta létí bó ṣe wà:

"Tíṣà ti lọ láàárọ̀ àná. Àbúrò rẹ̀ mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tí a yà lọ́dọ̀ yín, ó ní òun la máa lò níbi ìsìnkú. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin olójú funfun yẹn ló gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi fún oṣù kan àtààbọ̀. Ẹ bá mi sọ fún Etí Síta kó fi èyí tí a ti ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́."

Etí Síta jókòó sórí àpótí àwọn oníbàárà, ibi tí mi ò rí i kó jókòó sí rí. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ṣí fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà, ó wò ó títí, ó sì fi ránṣẹ́ bó ṣe wà, pẹ̀lú ẹ̀rín gbogbo wọn àti ẹyinjú Tíṣà tó pọ́n.