Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Níwájú Ògiri

Ọjọ́ tí Bàbá Ọwọ́-Sókè, àgbà tíṣà ìṣirò, kọjú ọ̀gá ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ sí ògiri, Àǹtí Kọ̀ǹpútà ló wà nídìí ẹ̀rọ, òun ló sì ń ròyìn rẹ̀ kiri títí dòní. Tó bá ti dé ibi tí bàbá na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà, á tún fi ẹ̀rín di ikùn ara rẹ̀ mú.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn ọmọ kan ń jókòó sínú kíláàsì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn méje ń bá wọn kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé, lójú kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin kan, ọmọ télọ̀ àdúgbò, wà lára àwọn méje yẹn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí i ní ìbàdí, kò lè gun àtẹ̀gùn, ìdánwò àṣejáde sì ti ń kanlẹ̀kùn. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà fẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ kó wo bí ẹ̀kọ́ ọ̀hún ṣe ń lọ lójú ẹ̀rọ tirẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n á fòpin sí i, ọmọ télọ̀ á sì pàdánù odidi ọdún kan.

Ọ̀gá ilé-ìwé ti ń bẹ bàbá láti àárọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tòní nìkan, ẹ ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́."

"Ṣé mo máa ń jà ni?" ni bàbá dá a lóhùn.

Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìṣirò kan fún ọmọ télọ̀ ni ohùn àgbàlagbà kan já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Tíṣà, ṣé àwọn tó wà nílé yìí ń gbọ́ yín dáadáa?"

Bàbá ò tiẹ̀ wojú ẹ̀rọ. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ láìnawọ́?"

"Èmi ni. Ọ̀gá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́."

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ọwọ́ yín dà?"

Ọ̀gá ilé-ìwé ń ṣẹ́jú sí bàbá bí ẹni tí eruku kó sí lójú.

"Ọwọ́ wo?" ni obìnrin náà béèrè, láìnawọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ó parí. Bàbá rọra di kọ̀ǹpútà mú, ó yí i, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ìṣẹ́jú mẹ́ta," ló wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá wà níwájú ògiri ná. Ẹni tí kò bá mọ bàbá á rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà dé, ó ní òun ò lè máa kọ́ àpótí níwèé. Àǹtí bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bó ṣe gbà báyìí, ó gbé kọ̀ǹpútà sórí àga kan níwájú, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé báàgì síbẹ̀, ọmọ méje ló jókòó síbẹ̀. Ohun tí ó bá fi ń jẹ àwọn tó wà níbí níyà, òun náà ni yóò fi jẹ tọ̀hún: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ láìnawọ́ tàbí tó ṣàìgbọràn á kọjú sí ògiri fún ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ọmọ tí ilé rẹ̀ ò jìnnà, bàbá á rọra bá a sọ̀rọ̀. Èyí tó ń gbé lódìkejì odò, bàbá á pariwo títí iṣan ọrùn rẹ̀ á fi yọ. Àǹtí ṣàlàyé fún un pé ibì kan náà ni ohùn gbogbo wọn ń gbà.

"Ìwọ lo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni bàbá wí. "Èmi ni mo ti rin ọ̀nà ibẹ̀ rí."

Àràárọ̀ ló ń ní kí àwọn tó wà nílé dìde kí òun rí bàtà wọn. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì yunifọ́ọ̀mù lé ṣòkòtò ìsùn kọ̀, kò dìde. Ó la ẹnu sílẹ̀, kò mira, ó ń ṣe bí ẹni tí íńtánẹ́ẹ̀tì dá dúró. Bàbá wò ó títí.

"Íńtánẹ́ẹ̀tì wo ló mú ọ tí kò mú fáànù ẹ̀yìn rẹ?"

Gbogbo wọn méjèèje ló wo ògiri lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà ti wá ń wo ògiri ọ̀hún báyìí. Ìṣẹ́jú kìíní kọjá. Ọ̀gá ilé-ìwé jókòó sórí àga ọmọdé, ó fọwọ́ lérán. Àǹtí na ọwọ́ pé kí òun yí ẹ̀rọ padà, bàbá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ padà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ télọ̀ ni Àǹtí ń rò. Ó mọ̀ pé bí obìnrin yẹn bá fìbínú pa ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀kọ́ ọmọ náà tán.

Ló bá gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ láti ìdí ògiri. "Mà, ẹ má bínú." Ọmọ télọ̀ ni. "Kò ní pẹ́. Ibi tí ọ̀dà ti bó yẹn la máa ń wò."

"Kí lẹ wá máa ń ṣe títí á fi pé?" ni ọ̀gá ọ́fíìsì béèrè.

"Iṣẹ́ tó bá gbé fún wa ni, mà."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí bàbá má baà gbọ́. Ọ̀gá ní kó tún ibì kan ṣàlàyé. Ó tún un ṣàlàyé. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọ̀gá tó ní ó ti yé òun.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta pé, bàbá yí ẹ̀rọ padà. Ọ̀gá ọ́fíìsì ti nawọ́ sókè.

"Ó yá, mà, ẹ sọ̀rọ̀."

"Kò sí ìbéèrè mọ́, tíṣà. Kí ẹ̀kọ́ yìí máa lọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣeun. Ẹ lè sọ ọwọ́ yín kalẹ̀."

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣèdánwò ni bàbá jáde láyé, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré. Àǹtí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó bá ṣọ́ọ̀kì bàbá lórí tábìlì, èyí tó kù kò gùn ju èékánná lọ. Kò fẹ́ kí àwọn ọmọ rí omijé òun, ló bá kọjú sí ògiri, níbi tí ọ̀dà ti bó.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́ ohùn ọmọ télọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí, mo ti nawọ́ tipẹ́, ẹ ò rí mi ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pé. Ẹ yíjú padà."

Ẹ̀rín dà pọ̀ mọ́ ẹkún rẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, gbogbo àwọn méjèèje ti nawọ́ sókè lójú ẹ̀rọ, àwọn tó wà nínú yàrá náà ti nawọ́, wọ́n ń dúró dè é.