Ọjọ́ Tí Mo Kí Alhaji Láti Orí Kẹ̀kẹ́

Ọjọ́ tí mo ju ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àdúgbò wa ní Anyama, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láé, inú ẹ̀ ṣì ń bí mi.

Alhaji tó ń ta obì nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ló fà á. Ó lọ sọ fún bàbá mi pé ọwọ́ kan ni mo máa ń jù sókè tí mo bá ń kí àgbà. Bàbá mi ní tí òun bá tún gbọ́ ọ, òun á ta kẹ̀kẹ́ náà.

Láàárọ̀ Sátidé, mo ń sáré bọ̀ látòkè, mo rí Alhaji lọ́ọ̀ọ́kán. Èmi ọ̀mọ̀wé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bac, ìwé ẹ̀rí ìparí girama, mo fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, mo tẹrí ba: "Ẹ káàárọ̀ sà."

Ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo fún un mọ́wọ́ bí ẹni ń fún aṣọ, ó tún gbọ̀n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi: "Dẹ ọwọ́, fi orúnkún há irin àárín." Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó rọlẹ̀. Orí mi wú débi pé mi ò rántí bíréèkì. Mo já sínú iyanrìn, mo nà gbalaja níwájú Alhaji, àgbọ̀n mi bó.

Alhaji rọra wò mí. "Ẹn-ẹ́n. Ṣé o rí i pé o mọ̀ ọ́n ṣe? Bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ nìyẹn."

Ó yìn mí fún bàbá mi, kẹ̀kẹ́ sì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un, ṣe ni mo máa ń wa eyín pọ̀.