Afẹ́fẹ́ Táyà Ẹ̀yìn

Bàbá mi ní alùpùpù kan tó dàgbà jù mí lọ. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń kó ẹrù padà sílùú wọn ló ti rà á, nígbà tó ṣì jẹ́ akọ̀wé ní èbúté, tí kò tíì fẹ́ màmá mi. Kò sí ẹni tí kò mọ ìró rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kó tó kọjá Ìga ọba, àwọn ọmọ agboolé wa á ti máa pariwo pé ó ti dé. Títí dòní tí ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò lójú títì wa, ọlọ́pàá tó bá dá a dúró, fọ́tò ló máa ń fẹ́ bá alùpùpù náà yà.

Àárọ̀ Sátidé ni ọjọ́ ìtọ́jú rẹ̀. Tí bàbá mi bá ti kírun àsùbáà tán, á yí i síta sí àárín agboolé kí oòrùn tó yọ, nítorí ó ní táyà tí oòrùn ti pa kì í sọ òótọ́. Ó ní géèjì tirẹ̀ tó fi ń wọn afẹ́fẹ́, tó máa ń wé sínú áńkáṣífù, kò sì sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Táyà iwájú, méjìlélógún. Ti ẹ̀yìn, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó bá jẹ́ òun nìkan ló fẹ́ gùn ún, méjìlélọ́gbọ̀n tí màmá mi bá máa jókòó sẹ́yìn. Màmá mi kì í sì í fi ẹ̀yìn yẹn sílẹ̀. Òkè Àrin ló ti ń ta mílíìkì àti tòmátò inú agolo, ọkọ rẹ̀ ló ń gbé e lọ láàárọ̀, òun náà ló ń gbé e bọ̀ nírọ̀lẹ́. Àfi tí màmá mi bá rìnrìn àjò ni bàbá mi máa ń dín afẹ́fẹ́ yẹn kù. Ọdún tí màmá mi lọ sí Mẹ́kà, àwa ọmọ ò béèrè ọjọ́ tó máa dé. Ìgbà tí a rí bàbá wa tó gbé pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ jáde, tó ń fẹ́ táyà ẹ̀yìn tòógùn-tòógùn, a lọ gbálẹ̀ yàrá màmá wa.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ti ọ́ìlì. Á kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ọ́ìlì lè gbóná, á wá tú bóòtù ìsàlẹ̀. Inú agolo òróró pẹlẹbẹ kan tí màmá mi gbé fún un ni ọ́ìlì dúdú náà máa ń dà sí. Á ti ìka méjì bọ̀ ọ́, á fi ọwọ́ ra á, á gbóòórùn rẹ̀, á wò ó bóyá irin tó ń dán wà nínú rẹ̀. Lásìkò yẹn, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ o. Káfíńtà ẹ̀gbẹ́ wa ló máa ń gba èyí tó ti bàjẹ́ láti fi kun pákó nítorí ikán. Tó bá wá kan rírọ tuntun sí i, àrọ ilé ìdáná màmá mi ló máa mú. Ìjà àrọ yẹn kò tán rí. Mo rántí Sátidé kan tí ẹ̀wà wa ní adùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, tí bàbá mi sì jẹ tirẹ̀ tán láìgbójú sókè.

Màmá mi sanra, kò sì fi pamọ́. Lọ́jọ́ kan ó rí i pé ọkọ òun tún fi méjì kún méjìlélọ́gbọ̀n. Ó fọwọ́ lérán.

“Bàbá wọn, ṣé táyà lẹ wá fi ń wọ̀n mí báyìí?”

“Kì í ṣe ìwọ. Páálí mílíìkì ni.”

“Páálí mílíìkì wo? Ṣé ẹ rí nǹkan kan lọ́wọ́ mi?”

Bàbá mi kàn ń fẹ́ ẹ lọ. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí tí gèlè rẹ̀ fi tú, ó sì jókòó sẹ́yìn ọkọ rẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó, pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì lápá kan.

Màmá mi kú ní èṣí, ní àárọ̀ ọjọ́rú kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú a ti sin ín, bí ẹ̀sìn wa ṣe ní ká ṣe. Bàbá mi ò sunkún. Ó ń kí àwọn èèyàn, ó ń béèrè bóyá wọ́n ti mu omi. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó ń to àga. Èmi tí mo ti sunkún tí ojú mi fi wú, inú bí mi sí i, mi ò ní purọ́. Mo rò ó nínú mi pé ó lé ní àádọ́ta ọdún tí obìnrin yìí fi jókòó sẹ́yìn rẹ, àga lo wá ń tò?

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà òjò, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ mi dún ní Sùúrùlérè níbi tí mò ń gbé. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní ìkángun àdúgbò wa ni. Ó ní Bàbá ṣubú nítòsí Òkè Àrin, orúnkún nìkan ló bó, kí n má fòyà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, àmọ́ táyà ẹ̀yìn yẹn le jù. Mo tẹ̀ ẹ́, kò mì rárá. Bí títì bá ti tutù báyìí, ó gbọ́dọ̀ yọ̀ ni. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi.”

Ọkùnrin tó kọ́ gbogbo àdúgbò bí wọ́n ṣe ń wọn táyà! Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Mo pe àbúrò mi ọkùnrin tó wà lókè òkun. Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn, sister mi. Ẹ wá ẹni tó máa rà á. Ṣé ìgbà tí wọ́n bá ṣubú tí wọn ò dìde mọ́ la fẹ́ dúró dè ni?”

Ó rọrùn fún un láti sọ, kò kúkú sí níbí. Alùpùpù yẹn nìkan ló kù tó ń mú bàbá mi jáde nílé. Tí mo bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo mọ ibi tí màá ti máa bá a títí ọjọ́ fi máa pé: orí àga, níwájú tẹlifíṣọ̀n tí kò wò. Tí mi ò bá sì gbà á, bóyá orí títì ni wọ́n ti máa pè mí wá gbé e. Mo sun ọjọ́ Jímọ́ọ̀ mọ́jú Sátidé nílé rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí lọ́kàn.

Nígbà tí mo jí, ó ti wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù rẹ̀. Sátidé ọ́ìlì ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò bí ẹni ń ṣàwàdà. Ọ́ìlì mélòó ló ń gbà? Ó sọ ọ́. Kí ló dé tí ẹ fi ń pààrọ̀ wáṣà abẹ́ bóòtù yẹn? Ó sọ ọ́, ó sì fi kún un pé ìgbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù tú ni mo béèrè rẹ̀ kẹ́yìn. Kò gbàgbé ohunkóhun. Mo bá mú géèjì náà láìtọrọ ààyè, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ táyà ẹ̀yìn. Méjìlélọ́gbọ̀n.

“Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ ń gùn ún.”

“Mo mọ̀.”

“Twenty-six ló yẹ kó jẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa.”

“Mo ní mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀, ẹ wá jẹ́ kó gbé yín ṣubú? Kí ló dé tí ẹ ò dín in?”

Ohùn mi ti lọ sókè, bó ṣe máa ń lọ. Bàbá mi nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan tẹ̀ lé ìkejì.

“Ó máa ń dínkù fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀,” ló wí. “Tí mo bá fi sílẹ̀, á lọ sílẹ̀. Èmi ni mo ń fẹ́ ẹ padà ní Sátidé.”

Ìwọ̀n màmá mi ni méjìlélọ́gbọ̀n yẹn. Ìbínú mi tán lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti rò nípa rẹ̀ níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ wá ń tì mí lójú. Mo sọ ohun tí àbúrò mi wí fún un, mi ò fi ọ̀kan pamọ́, mo sì sọ fún un pé mi ò fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ náà, pé ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ó na ọwọ́ sí mi, mo gbé géèjì lé e. Ó tú ìdérí, ó fi èékánná tẹ irin kékeré inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún wọ̀n ọ́n. Nígbà tó ku méjì, ó dúró, omi ń já bọ́ láti ojú rẹ̀ sórí rọ́bà táyà. Mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì ní kó fi sílẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó sì dé e.

Ó rọ ọ́ìlì tuntun, ó wọ fìlà rẹ̀, ó gùn ún jáde. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mò ń tẹ́tí sí ìró náà títí ó fi gba ọ̀nà Pópó Àgùdà lọ, títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Ó pẹ́ kó tó padà. Nígbà tó dé, ó pa ẹ́ńjìnnì, kò sì sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní alùpùpù náà kò yọ̀ mọ́. Ó ní ó ti wá rọrùn láti gùn. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló ń bẹ̀.