Ibi tí Ìyàwó Mi Ń Gbé Orin Sí

Ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ìka ọwọ́ òsì mi ló kọ́kọ́ rẹ̀, kó tó wá kan èmi tí mo ni ín.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Odògbolú ni mo ti ń ta gìtá. Orin rọ́ọ̀kì la fi bẹ̀rẹ̀, àwa ọmọ kíláàsì kan náà tí irun wa kún bí igbó, tí ariwo wa sì ju orin wa lọ. Bàbá mi tó jẹ́ tíṣà ní òun kò rán mi níwèé kí n wá di alágbe. Mo di tíṣà bíi tirẹ̀ kó lè sinmi ẹnu. Àmọ́ tó bá di ọ̀sán Sátidé, èmi àti ẹgbẹ́ mi á wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan n'Ìjẹ̀bú-Òde, a ó máa kọ orin kọ́ńtìrì fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń mu bíà jẹ́jẹ́. Ìlú wa kò ní rélùwéè, síbẹ̀ àgbà ọkùnrin á máa nu ojú nítorí ọkọ̀ ojú irin inú orin, tó gbé olólùfẹ́ ẹlòmíràn lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wa ra báńjò, ẹ̀yà gìtá kan, la bá bọ́ sórí blúgíráàsì, orin àwọn òyìnbó orí òkè, tó máa ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. A gbé e lọ síbi ìsìnkú kan ní Ayépé. Àwọn èèyàn fara balẹ̀ gbọ́ wa tán, wọ́n wá bi wá pé ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀.

Ikú mú àwọn kan nínú wa, Kánádà mú àwọn yòókù. Èmi nìkan ló kù, mo bá gbé gìtá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sẹ́ni tí í sọ kíì, ìyẹn ìpele tí ohùn orin máa wà, fún onígìtá. Ẹni tó ń darí orin á kàn gbé e síbi tí ẹ̀mí bá gbé e dé, àwa la ó wá a kàn. Bí orin bá sì ti ń dùn, á tún máa gbé e sókè sí i. Ìka tó ti gan kò lè bá irú eré bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní irin kékeré tí a fi ń há ọrùn gìtá bí kíì bá yí padà, àmọ́ kí n tó sún un, wọ́n ti wà nínú orin mìíràn. Kíì G nìkan ló kù tí ìka mi ń rí mú láìjanpata.

Síbẹ̀ mi ò sọnù. Ìyàwó mi ló ń darí orin, G náà ló sì máa ń bọ́ sí. Mo rò pé Ọlọ́run ló ń ṣàánú mi. Àwọn kan nínú ìjọ ti ń kùn pé orin Màmá kì í gòkè mọ́, pé ó yẹ kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Èmi náà rò pé ogbó ló dé sí i.

Ní oṣù tó kọjá, ó lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá ní Ìbẹ̀fún. Ọmọbìnrin kan ló darí orin lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn. Lórí orin kejì ni mo ti sọnù. Mo di okùn gìtá mú, mo ń mi orí bí ẹni tó ń ta á. Ojú tì mí gan-an. Nígbà tí a jáde, obìnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù wá bá mi.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Màmá ti sọ fún wa tipẹ́ pé ká má kúrò lórí G nítorí ọwọ́ yín. A gbàgbé láti sọ fún sístà yẹn ni."

Nígbà tí ìyàwó mi dé, mo bá a ní kíṣìnì, ó ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa orin ẹ?"

"Mo gbọ́."

"O sì dákẹ́?"

Kò gbójú sókè. "Dádì, ṣé kí n wá máa gbé orin lọ sókè, kí n fi yín sílẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí. Wọ́n ní ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Tèmi kò ká gìtá mọ́, mo sì ti fi so ìyàwó mi mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo fi gìtá sílé, mo lọ jókòó sáàárín àwọn àgbààgbà. Nígbà tí ìyàwó mi gba máìkì, ó wo àyè mi, ó wá mi kiri kó tó rí mi. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè kó rí i pé wọ́n ṣófo. Lẹ́yìn náà ó gbé orin, kò sì gbé e sí G. Ó gbé e sókè, ó tún gbé e sókè, àwọn tó ń kùn ló kọ́kọ́ dìde jó. Mo bá wọn pàtẹ́wọ́. Títí tí a fi ṣe oore-ọ̀fẹ́, kò sẹ́ni tó bèèrè gìtá mi.