Tọ́ládé Ṣì Ń Gba Ajílẹ̀ ní Okpara

Ìyá Olúwatóyìn ni gbogbo Kaboua, ní ilẹ̀ Benin, ń pe Edwige, àgbẹ̀ obìnrin tó ń gbin àgbàdo àti iṣu, tó sì tún ń ro oko kajú tí ọkọ rẹ̀, Tọ́ládé, kú fi sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú, kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti òjò èṣí ni ó ti ń yẹra fún ọ̀nà Okpara, ìlú kejì sí tiwọn. Ọkọ rẹ̀ ni kò fẹ́ pàdé.

Adjara, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta gaàrí, ló gbé ìròyìn náà wá láti Okpara. Ìjọba fẹ́ kí gbogbo ayé mọ àwọn tó ń gba ajílẹ̀ ẹ̀dínwó, kí àwọn alágbára má baà kó o jẹ. Wọ́n á ka orúkọ sókè níwájú bíró iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè á dáhùn lójú gbogbo èèyàn, á sì gbé àpò tirẹ̀.

"Ìyá Olúwatóyìn, wọ́n pe Tọ́ládé àti orúkọ bàbá rẹ̀, ẹnì kan sì dáhùn. Ohùn rẹ̀ ni. Orí mi wú, mi ò lè wẹ̀yìn."

Wọ́n ní òkú ò mọ iye à ń ra aṣọ. Òkú ti Kaboua yìí mọ iye àpò ajílẹ̀.

Edwige kò bá a jiyàn. Ẹni tó kú láìtọ́jọ́, ìlú mìíràn ni yóò ti lọ lo ọjọ́ tó kù. Àkúdàáyà ni à ń pè é. Ejò ló pa Tọ́ládé, nígbà tí iṣu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta. Àmọ́ bí ojú ará ilé bá kan àkúdàáyà, ó parẹ́ nìyẹn, títí láé.

"Bó bá ti fẹ́ ìyàwó síbẹ̀ ńkọ́?" Adjara bi í.

"Kó sáà ti máa rí oúnjẹ jẹ."

Ìfẹ́ ló fi ń sá fún un. Bí ìkùukùu bá bo àpáta láàárọ̀, tí ọkọ́ ẹnì kan ń dún lókèèrè, yóò dúró máa gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn ọkọ́ náà á dákẹ́, ẹni náà á sì wúkọ́ bíi Tọ́ládé. Ẹ̀rù á bà á, inú rẹ̀ á sì dùn.

Lọ́dún yìí, ewé àgbàdo rẹ̀ pọ́n. Ó lọ béèrè ajílẹ̀ ní bíró Kaboua.

"Màmá," ni akọ̀wé ibẹ̀ wí, "ilé kan, ìpín kan ni. Orúkọ ọkọ yín ti wà ní Okpara."

"Ọkọ mi ti kú, Mùsíè."

"Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pe orúkọ."

Ẹ gbọ́ mi o: kó lọ sọ lójú ọkọ rẹ̀ pé òkú ni ọkọ rẹ̀. Bí kò bá lọ, ebi ni. Bó bá lọ, á fi ojú ara rẹ̀ pa Tọ́ládé lẹ́ẹ̀kejì. Ó sunkún, ó sì lọ. Adjara sìn ín.

Òjò ṣú, ọ̀sán gangan dà bí ìrọ̀lẹ́. Ó fi ìbòrí bo ojú, ó dúró sẹ́yìn èrò. Wọ́n pe Tọ́ládé.

"Mo wà ńbí."

Ohùn tó ń kí i káàárọ̀ lórí ẹní ni. Ó di ojú, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ ikọ́ náà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò ní wò ó. Ojú kò gbọ́, ó là.

Kò parẹ́.

Antoine ni, àbúrò Tọ́ládé, tó gba káàtì ìdánimọ̀ olóògbé lẹ́yìn ìsìnkú pé òun fẹ́ fi ṣe ìwé ikú. Gbogbo Kaboua mọ̀ pé ohùn àwọn méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ òkú kì í rántí alààyè.

"Ìyàwó wa, ẹ dákun," ni ó wí, ó sì sọ àpò náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

Àwọn èèyàn rò pé yóò fa ẹ̀wù ya mọ́ ọn lọ́rùn. Edwige jókòó lórí àpò ajílẹ̀, ó ṣí ìbòrí, ó bú sẹ́kún. Adjara dì í mú, ó ní kó dákẹ́, ajílẹ̀ ti di tirẹ̀.

"Adjara," ni ó wí, "Tọ́ládé ti kú."